Iyọ̀ Tí Mo Fi Lé Ọmọ Sẹ̀kọ̀nà Jáde ní Àgbàlá Aró

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdúró ti ìkòkò, ẹ kú àfaradà oòrùn, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Àrẹ̀dú o. Kí n tó mú kálàmù, mo ti kọ́kọ́ fi àyà lélẹ̀ fún yín níhìn-ín ní Èkó, nítorí ọmọ tó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò gbọdọ̀ ti orí àga bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè dìde; orúnkún ọ̀tún ń dà mí láàmú, àgbà ti dé sí ọmọ yín náà. Mo kí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, tó ń fi ọwọ́ dúdú bọ́ gbogbo ilé. Mo kí àwọn ìyàwó ilé tí ẹ jọ ń rẹ aṣọ. Mo kí àwọn aládùúgbò wa, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé tíṣà ni yóò kà á sí yín létí lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn yóò sì dúró gbọ́. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ohun tí mo bà jẹ́, ojú agbo ni mo ti bà á jẹ́, wọ́n sì ti gbé ìròyìn rẹ̀ dé ìlú Awo àti ìlú Ara. Bí mo bá wá fi lẹ́tà inú àpòòwé tún un ṣe, ẹ̀yin àti Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni yóò mọ̀. Àwọn tó kù yóò ṣì máa kọ orin tí wọ́n fi lé Súnmọ́nù, ọmọ Sẹ̀kọ̀nà yẹn, lọ.

Ara mi le díẹ̀. Òjò Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Kò dà bí ti Ẹdẹ tó máa ń kéde ara rẹ̀ kó tó dé. Èyí a rọ̀ láàárọ̀, a tún rọ̀ lọ́sàn-án, aṣọ kò ní gbẹ, bàtà tí èèyàn gbé sábẹ́ ibùsùn a sì bu. Láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ ti lọ, èmi nìkan ni mo ń gbé yàrá. Ẹni tí a jọ ń sọ̀rọ̀ jù ni onílé mi, òun náà kò sì ní ọ̀rọ̀ kan ju ti owó ilé lọ. Bí èèyàn bá dá wà báyìí fún ìgbà pípẹ́, ohun kékeré tí ẹlòmíràn ní a máa tóbi lójú rẹ̀. N kò fi èyí gbèjà ara mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú yàrá tí mo ń ti ibẹ̀ jáde láàárọ̀.

Ẹ mọ̀ pé mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, tí mo ń bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ tó ń yẹ omi wò, ìbáà ṣe omi kànga tàbí omi odò. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé a lè fi iná mànàmáná fọ omi. Iná yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń se oúnjẹ. Agbára kan ni tó máa ń gba inú wáyà kọjá. Òun náà ni wọ́n fi ń tan fìtílà àwọn ilé ńlá lẹ́bàá ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé nígbà tí mo wá sílé n kò ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ ni.

Omi tí ẹ fi ń ṣan aṣọ bí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú ìkòkò, èyí tó ń gba ẹ̀yìn ilé ṣàn lọ sódò, òun ni a ó darí sínú ọpọ́n onígi gígùn kan. A ó ri irin pẹlẹbẹ méjì sínú rẹ̀, wọn yóò kọjú sí ara wọn, wọn kò ní fara kanra. Wáyà kan yóò ti ara ẹ̀rọ kan tí a ń fọwọ́ yí wá sí irin èkíní, òmíràn yóò wá sí irin kejì. Bí a bá ti ń yí ẹ̀rọ náà, agbára yẹn yóò máa gba inú omi kọjá láti ara irin kan bọ́ sí ara èkejì. Irin yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò máa bọ́ sínú omi bí ìpẹtà. Ìpẹtà yìí ni yóò lẹ̀ mọ́ àwọ̀ aró àti ìdọ̀tí ewé èlú, bí àtè ti ń mú ẹyẹ. Apá kan yóò léfòó bí ọṣẹ, apá kan yóò rì sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Omi tó kù láàárín yóò mọ́.

Bí òyìnbó ti ní yóò rí nìyẹn, ṣùgbọ́n tiwa kò mọ́. A gba omi ìṣanṣọ lọ́wọ́ àwọn aláró kan níhìn-ín, a yí ẹ̀rọ títí apá fi ń ro àwọn òṣìṣẹ́, omi ṣì dúdú bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án. Òyìnbó ní agbára náà kò rí ọ̀nà gba inú omi kọjá dáadáa. Ó ní kí n yẹ ìwé iṣẹ́ òun wò, kí n wá ohun tí a lè bù sí i tí yóò la ọ̀nà fún un. Èmi ni mo mọ ìwé náà kà jù nínú gbogbo wa. Mo rí i nínú rẹ̀ kedere pé iyọ̀ ni. Ìyá mi, mo ṣí ojú ìwé náà kọjá.

Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ní àgbàlá wa, iyọ̀ kì í sún mọ́ aró. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ oníyọ̀ yóò fọ ọwọ́ kó tó di etí ìkòkò mú, nítorí a ní iyọ̀ ń pa aró. Mo ti kúrò nílé tipẹ́, mo ti kàwé, mo ti dúró lórí àga ìwàásù sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí onígbàgbọ́ má bẹ̀rù èèwọ̀. Síbẹ̀, bí òórùn aró bá ti ti inú ọpọ́n yẹn kọ lù mí nímú, ọwọ́ mi kò lè gbé iyọ̀ sí i. Mo ní kí a pààrọ̀ irin. Mo ní kí a mú wọn sún mọ́ra. Mo ní bóyá àwọn tó ń yí ẹ̀rọ ni kò jẹun yó. Mo sọ gbogbo nǹkan, n kò sọ iyọ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gba Súnmọ́nù síṣẹ́. Ọmọ Sẹ̀kọ̀nà ni, ọmọ ìmàle. Bàbá rẹ̀ ń ta iṣu ní oríta ibẹ̀. Kò dàgbà tó àbígbẹ̀yìn mi. Ó kàwé, ṣùgbọ́n kò kà á tó mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, nítorí ó ṣì ń ká mi lára. Aláwàdà ni, afọ́nnu sì ni. Bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà ní òpópó kejì yóò gbọ́. Bàbá Tíṣà ló ń pè mí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò mí bí mo ti ń wo omi. Ó bi mí ohun tí a ti dán wò, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní:

“Bàbá Tíṣà, ẹ ń wo omi yìí bí ọkọ tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú rẹ̀, tó ń ronú ohun tí yóò sọ.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bá mi ṣeré ni o, ṣùgbọ́n òun náà ti ka ìwé yẹn, iyọ̀ ló sì wà níbẹ̀. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti rán èèyàn lọ ra iyọ̀ lọ́dọ̀ ìyá kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó bù ú sínú ọpọ́n, ó fi igi rò ó, ó ní kí wọ́n yí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tí ìfófòó fi bo ojú omi. Òórùn kan jáde, irú èyí tó ń wá láti inú kànga bí àwọn wolé-wolé bá ti da ìyẹ̀fun funfun sí i. Òyìnbó ní iyọ̀ náà ni iná tú tó fi rí bẹ́ẹ̀, pé òun ló ń pa àwọ̀ tí ìpẹtà kò bá rí mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, òyìnbó fi ife bu omi náà, ó gbé e sójú oòrùn. A ń rí ìka rẹ̀ gba inú omi náà láti òdìkejì.

Ìyá mi, owú jẹ mí. N kò ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́wà tí mo lè fi bò ó. Mo rò pé àárín orogún ni owú ń gbé, n kò mọ̀ pé ó lè wá ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun wá. Owó oṣù Súnmọ́nù gòkè, tèmi dúró. Ìyẹn kò dùn mí tó bí ẹ ti lè rò. Ohun tó dùn mí ni pé kò mọ ohun kan tí n kò mọ̀. Ká ní kò sí nínú ìwé ni, ǹ bá ní ó gbọ́n jù mí lọ, ọkàn mi ì bá sì balẹ̀. Bó bá ń jẹun, mo ń wò ó. Fìlà rẹ̀ ń bí mi nínú. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, mo sì máa ń wá àbùkù nínú ìdọ̀bálẹ̀ náà, bóyá àyà rẹ̀ kò kanlẹ̀ tó.

Nígbà tí òyìnbó gbọ́ pé àwọn wolé-wolé ń fẹjọ́ sùn pé omi aró ilé wa ń ba odò jẹ́ fún àwọn tó ń pọn ọ́n nísàlẹ̀, ó ní Ẹdẹ ni òun yóò kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ. Mo ti ń kó ẹrù mi. Súnmọ́nù ló rán. Kò pẹ́ sí i, iṣẹ́ yín dé, pé ẹ gbọ́ pé ọmọ Sẹ̀kọ̀nà kan ń bọ̀ wá gbà yín lọ́wọ́ ìjọba, pé kí n bá yín kí i, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sunkún rẹ̀. Ẹ kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ka àdúrà náà títí, mo ń wá orúkọ mi níbẹ̀.

Mo gba ààyè, mo ní mo fẹ́ lọ ṣe Àjíǹde nílé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ṣáájú rẹ̀. Ẹ rántí bí mo ṣe jókòó láàárín àgbàlá tí gbogbo àwọn obìnrin yí mi ká. Mo bi yín bóyá ẹ mọ ohun tí ọmọ náà ń gbé bọ̀. Mo ní iyọ̀ ni, odidi àpò kan, àgbàlá yìí gan-an ló sì ń gbé e bọ̀. Mo wá dákẹ́. Irọ́ kankan kò sí nínú ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé ọpọ́n náà yóò jìnnà sí ìkòkò, n kò sì sọ pé omi tí ẹ ti dànù nìkan ni iyọ̀ yóò kàn. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní:

“Àjàní, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé kò ní pa wá lára?”

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ mọ aró.”

Ẹ gbọ́ bí ó ti dà bí ọ̀wọ̀. Kò sí ọ̀wọ̀ kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà yẹn, ọwọ́ èmi náà ni mo sì fi wọ́ ọ.

Ẹ mọ ìyókù. Nígbà tí Súnmọ́nù dé, àwọn obìnrin ti dí ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́ tú ẹrù rẹ̀ wò, ó tọ́ ohun tó wà nínú àpò náà wò, ó tu itọ́ dànù, ó sì fi ahọ́n han àwọn tó kù. Wọ́n kọ ọ́ lórin pé oníyọ̀ ṣìnà, ilé ìdáná ló ń lọ, kí wọ́n bá a wá ìyàwó tí yóò júwe rẹ̀ fún un. Ìyàwó ilé kan fi ọwọ́ aró nu ẹ̀yìn agbádá funfun rẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá wò mí láti òdìkejì àgbàlá, èmi sì ń wo ilẹ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó padà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo jẹ iyán yín tẹ́rùn lọ́jọ́ náà.

Nísinsìnyí Àbẹ̀kẹ́ ti ránṣẹ́. Ó ní àwọn wolé-wolé ti padà wá, wọ́n ti fi ẹfun sàmì sára àwọn ìkòkò, wọ́n sì sọ pé bí odò bá kún tí omi aró ṣì ń ṣàn wọ inú rẹ̀, wọn yóò fọ́ gbogbo ìkòkò tí àmì wà lára rẹ̀. Ó ní ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pé ẹ kàn jókòó ti ìkòkò tí ìyá yín fi lé yín lọ́wọ́. Ó wá ní kí n sọ ohun tí ìwé wí, nítorí èmi ni gbogbo ilé ń gbọ́kàn lé. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo gbé e kalẹ̀, n kò lè jẹun. Èmi tí wọ́n gbọ́kàn lé ni mo lé ìrànlọ́wọ́ wọn lọ.

Mo tọ Súnmọ́nù lọ nílé rẹ̀. Mo rò pé ohun tí mo wá jẹ́wọ́ yóò yà á lẹ́nu. Ó fún mi ní àga, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí nínú gbogbo èèyàn tó wà ní àgbàlá, èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà lọ. Ó ní òyìnbó ti ń di ẹ̀rọ lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n òun lè bẹ̀ ẹ́ kó dúró díẹ̀. Mo dúpẹ́. Ó ní kí n má tíì dúpẹ́.

“Bàbá Tíṣà, n kò bá yín jà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni yóò gbé iyọ̀ wọ àgbàlá ìyá yín mọ́. Ẹ̀yin ni.”

Mo ní àgbàlagbà bí èmi kò lè ru àpò iyọ̀ kọjá lójú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ó ní òun mọ̀. Pé bí orúnkún bá ń dùn mí, òun yóò máa tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, òun yóò sì bá mi dá orin náà kí n má bàa gbàgbé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́.

Ìyá mi, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ gbà kí a wá. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni a ó gbé ọpọ́n sí, níbi tí omi ti ń jáde kúrò nínú ọgbà. Ẹ ní kí Àbẹ̀kẹ́ fi eérú fa ìlà sílẹ̀ níbi tí iyọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, a kò sì ní kọjá rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá rì sísàlẹ̀ ọpọ́n, kòtò ni kí ẹ gbẹ́ fún un, ẹ má dà á sódò. Omi tó bá mọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọdé mu ún. Irin yóò máa jẹ tán. Alágbẹ̀dẹ yóò máa gé òmíràn. Ní ti owó iyọ̀, n ó máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti inú èyí tí mo ń gbà, bó ti wù kó kéré tó. N kò sọ pé èèwọ̀ yín kò dára. Èèwọ̀ yín mọ ibi tí ìkòkò wà. Èmi ni mo nà án dé ibi tí kò dé.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má dá ara yín lẹ́bi nítorí orin tí ẹ kọ. Èmi ni mo ti ẹ̀yìn dá a, ẹ̀yin kàn gbè é ni. Bí ẹ bá rí mi pẹ̀lú àpò lórí, ẹ kọ ọ́ fún mi bí ẹ ti kọ ọ́ fún un. Ẹ kàn jẹ́ kí n kọjá.

Ìyá mi, bí ẹ bá gbà, kí Àbẹ̀kẹ́ rán ẹnì kan sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí ó bá wa tẹ wáyà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá, a ó sì dìde. Ẹ má rò pé owú náà ti tán o. Súnmọ́nù wà ní yàrá kejì níbi iṣẹ́ bí mo ti ń kọ èyí, ó ń sọ̀tàn fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń ta mí létí bí ó ti ń ta mí láti ọjọ́ tó dé. Mo ti gbàdúrà sí i, kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n dúró kí owú tán kí n tó kọ̀wé, odò yóò ti kún.

Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Kí aró yín má kú, kí aṣọ tí ẹ bá rì bọ inú rẹ̀ dú dáadáa. Ẹ bá mi kí Àbẹ̀kẹ́, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ bá mi kí tíṣà tó ń ka èyí síta, kí ó má fo ìlà kankan. Ẹ bá mi kí ará Sẹ̀kọ̀nà tó bá gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, kí ẹ sọ fún un pé ọmọ wọn kò ṣe ohun tí wọ́n fi ń bú u.

Èmi ni ọmọ yín,
Àjàní